Aago Bàámi Tó Máa Ń Sáré

Ìjẹ̀bú-Òde, alẹ́ Sátidé, 1986

Ta ni mo fẹ́ bínú sí? Láti ìgbà tí Bàámi ti kú ni Màámi ti fi aṣọ wé aago wọn sínú àpótí, aago tó jẹ́ pé oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀! Bátìrì inú rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń fún lágbára, kú sínú òkùnkùn.

Ẹni tó ń tún aago ṣe fi òmíràn sí i lónìí, ó sì ń ṣiṣẹ́. Màámi wò ó títí.

"Èyí kọ́. Ti bàbá ẹ máa ń sáré."

Òótọ́ ni. Bàámi máa ń fi ìṣẹ́jú mélòó kan tì í síwájú, ká má baà pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bá tì í síwájú.

Màámi gbé e mọ́ àyà, wọ́n sì fọhùn bí wọ́n ṣe máa ń dá Bàámi lóhùn nígbà tí Bàámi bá ń pariwo pé a ti pẹ́:

"Mò ń bọ̀. Ẹ má tíì lọ o."