Èdè Látìn Fẹ́ Sọ Mí Di Sístà

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá wa. Aránṣọ ni mí, ìjọ Àgùdà là ń lọ. Ìtàn àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló wù mí tí mo fi ń kọ́ Látìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi gbọ́ bí mo ṣe ń tẹ̀lé olùkọ́ inú fóònù pe ọ̀rọ̀, ó rántí pé Látìn ni àwọn fádà fi ń ṣe Máàsì láyé àtijọ́, ló bá bú sẹ́kún ayọ̀: "Ọmọ mi fẹ́ di Sístà!" Kí n tó lanu, gbogbo ìjọ ti gbọ́ pé mo fẹ́ fi ara mi fún Ọlọ́run, n ò ní lọ́kọ mọ́. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, inú rẹ̀ ò dùn tó báyìí rí.

Káfíńtà tí mo fẹ́ fẹ́ wá kí wa. Ìyá mi ní, "Má bínú, ọmọ mi, Ọlọ́run ti ṣáájú ẹ dé."

Ìyá mi ti wá ra aṣọ funfun báyìí, ó ní kí n fọwọ́ ara mi rán ẹ̀wù Sístà mi. Ó jókòó tì mí, ó ń kọrin, mo sì ń gé e. Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni mo ṣe máa sọ fún un?