Iṣẹ́ Tí Ẹ Dọ̀bálẹ̀ Gbà Fún Mi

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín o. Mo mọ̀ pé ẹ kò mọ̀wé kà. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, ẹ máa ń gba ìwé mi lọ́wọ́ mi, ẹ ó dorí rẹ̀ kodò, ẹ ó sì máa mi orí bí ẹni tó yé. Èmi náà kì í sọ fún yín pé òdì lẹ mú un. Nítorí náà, bí mo bá kọ lẹ́tà yìí tán, èmi fúnra mi ni n ó kà á sí yín létí níbi ibojì yín, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ yípo. Mo ti fi iṣẹ́ mẹ́sẹ́njà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Wọn kò lé mi o. Èmi ni mo kọ̀wé pé mo ń lọ, mo bọ́ aṣọ kakí wọn, mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo dá a padà. Nígbà tí Ìyá mi gbọ́, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn ò sunkún, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Mo ní kí wọ́n ṣàdúrà sí iṣẹ́ tuntun tí mo dá sílẹ̀ fún ara mi. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Bàbá ẹ ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ gba iṣẹ́ yẹn. Lọ sọ fún wọn ná."

Òun ni mo ṣe ń sọ fún yín.

Mo rántí ọjọ́ náà. Agbádá tí ẹ fi ń kírun Jímọ̀ lẹ wọ̀, ẹ fi obì méjì sínú fìlà bí ẹ ti máa ń ṣe. Ilẹ̀kùn akọ̀wé àgbà wà ní títì, à ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹ ti na gbalaja síwájú ilẹ̀kùn fún ẹni tí ẹ tó bí lọ́mọ. Obì jábọ́, ó yí lọ sí ẹsẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mo ṣà á, mo ṣe bí ẹni tí kò rí yín. Bí a ti ń bọ̀ wálé, ẹ sọ pé ẹni tó bá jókòó lábẹ́ páànù ìjọba, òjò oko ò pa á mọ́. Bàbá, ṣé ó dùn yín lọ́jọ́ náà? N kò bi yín rí.

Ẹ mọ̀ mí. Ẹnu mi kì í dákẹ́. Ìwé karùn-ún ni mo ti kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí n kò lè sín jẹ. Ẹ rántí ìgbà tí mo fi ohùn lèmọ́mù pe àwọn ọmọ kéú, tí gbogbo wọn sá wọlé lọ gbé wàláà? Ẹ mú pàṣán. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kọjú sí ògiri ná, mo sì rí èjìká yín tó ń mì.

Ní ọ́fíìsì, akọ̀wé àgbà ni mo máa ń sín jẹ. Imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á wá ní "Wẹ́ò," bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, bẹ́ẹ̀ Ìbàdàn ni òpin ìrìnàjò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó lọ jẹun ọ̀sán. Èmi àti mẹ́sẹ́njà kejì wọ yàrá rẹ̀, a ti ilẹ̀kùn. Baba àgbàlagbà kan wá kan ilẹ̀kùn. Olúpọ̀nnà ni wọ́n ti wá. Ìwé àṣẹ ìbọn ṣakabùlà ni wọ́n ń wá, nítorí ọ̀yà ń jẹ iṣu wọn tán lóko. Ìgbà kẹrin wọn nìyẹn. Bàbá, ẹ̀rín lásán ni mo fi ṣe. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi imú sọ̀rọ̀: "Wẹ́ò, dọ̀bálẹ̀ kí o tó bá mi sọ̀rọ̀. Má dìde títí n ó fi ní kí o dìde."

Ẹnìkejì mi ki aṣọ bọ ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín síta. A gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, a lọ ra ẹ̀pà jẹ, a ń rẹ́rìn-ín, a sì gbàgbé.

Nígbà tí mo yí padà dé iwájú, baba ṣì wà nílẹ̀. Oòrùn ti kúrò lẹ́yìn wọn, ó ti bọ́ sí ẹsẹ̀ wọn. Àwọn èèyàn ń yà fún wọn kọjá. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ mi, wọn ò gbé orí sókè.

"Ọmọ mi, ṣé ọ̀gá ti ní kí n dìde?"

Ẹ̀yin ni mo rí nílẹ̀ yẹn, Bàbá. Mo gbé wọn dìde, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fẹsẹ̀ rìn dé Olúpọ̀nnà. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń yín àgbàdo. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń yín àgbàdo wọn. Àwọn ọmọdé wá ń wò mí, adìẹ ń ṣa àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, n kò mira. Ìgbà tí agbọ̀n kún ni mo gbọ́ tí wọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Wẹ́ò," imú ni wọ́n fi sọ ọ́, "ọ̀gá ní kí o dìde."

Wọ́n sín mi jẹ, Bàbá, ó sì dára ju tèmi lọ.

Wọ́n wá bi mí pé èmi tí mo mọ̀wé kọ, kí ni mo ń ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí akọ̀wé. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, ọ̀yà, iṣu, ẹ̀ẹ̀mẹrin tí wọ́n ti wá. Mo kà á fún wọn ní ohùn wọn, wọ́n ní, àwọn gan-an nìyí. Akọ̀wé àgbà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ kejì ni ìwé àṣẹ wọn jáde.

Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń wá mi, àní láti Ilé-Ogbó, ìyẹn ni mo ṣe kọ̀wé fi ọ́fíìsì sílẹ̀. Mo gbé tábìlì sábẹ́ igi odán, n kò jìnnà sí ọjà. Àwọn tí ọmọ wọn wà lájò ní Kùmásì ń gbé lẹ́tà wá. Mo máa ń béèrè pé báwo lọmọ náà ṣe ń sọ̀rọ̀, kí n lè fi ohùn rẹ̀ kà á. Àwọn ìyá kan ti sunkún níwájú mi. Mo gbé bẹ́ǹṣì kan síbẹ̀: ẹni tó bá dé, á kọ́kọ́ jókòó. Kò sí ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀.

Àmọ́ kò sí páànù lórí mi. Òjò pa mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ba ìwé mi jẹ́, ọ̀rọ̀ yín sì ń dún ní etí mi. Ṣé mo ṣe é dáadáa? Ṣé mo ti tẹ agbádá Jímọ̀ yín mọ́lẹ̀?

Bàbá, mo lè sín yín jẹ. Mo mọ bí ẹ ṣe ń ha ọ̀fun, bí ẹ ṣe ń fa ìparí orúkọ mi gùn. Bí mo bá fi ohùn yín sọ pé "Dìde, ọmọ mi," Ìyá mi á sáré jáde láti ilé ìdáná, wọ́n á sì ṣàdúrà fún mi lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn olóhùn ni mo fi mú àgbàlagbà dọ̀bálẹ̀. N kò ní fi tiyín gbé ara mi dìde.

Bí mo bá ka lẹ́tà yìí dé ibí, n ó dọ̀bálẹ̀. Ohùn tèmi gan-an ni n ó fi kà á, ó ti pẹ́ tí mo ti lò ó kẹ́yìn. Ẹ má kánjú, Bàbá. N ó dúró dè yín.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tó wà nílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn yín.