Ọmọ Ọdún Márùn-ún Lẹ́yìn Mi

Olówó orí mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ sọ fún olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà pé èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí.

Àlàáfíà la wà. Àárín ìlú tí ọmọ wa ń gbé yìí dára, àfi pé ọkọ̀ ń gun ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Mo ṣì ń pọn ọmọ-ọmọ yín lọ sílé ìwé. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀, mo ti dàgbà."

Mo ní, "O kú àgbà! Dì mí mú."

Lánàá, alùpùpù kan gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó gbé bàtà ẹsẹ̀ ọmọ náà kan lọ. Bàtà nìkan ni o. Mo ti fi ọ̀já kejì kún un.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ tó ń sáré kiri ní àgbàlá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé wọn mọ́.

Èmi, ìyàwó yín.