Ìrọ̀rí Tí Mo Rà fún Màmá

Yàrá Kẹta, Òkè Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Ẹ̀yìn Ọgbà Ilé-ìwòsàn.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi,

Ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ alẹ́ yẹn ni wọ́n ṣì ń ṣe? Àwọn ọmọ ńkọ́, àgàgà èyí tó ń yọ eyín? Mo gbà pé àlàáfíà ni gbogbo yín wà. Àwa náà wà, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mi ò sì lè fi í pamọ́ fún ọ. Bí mo bá ní kí n rò ó fún ọ lórí fóònù, káàdì á tán kí n tó dé ìdajì, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò.

Ọ̀rọ̀ Màmá ni. O mọ̀ pé dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún wọn ní kí wọ́n má kúrò nítòsí títí òun á fi tún un yẹ̀ wò. Ó kìlọ̀ pé bí wọ́n bá lọ ń dá gun àtẹ̀gùn ilé wọn láìpé ọjọ́, orúnkún náà lè bàjẹ́ pátápátá. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo pè wọ́n pé mò ń tún yàrá kékeré ṣe, irú fóòmù àti ìrọ̀rí wo ni wọ́n fẹ́? Wọ́n ní, "Èyí tó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kó o rà." Mo ní ó dáa, Màmá. Ohun tí etí mi gbé nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni rọ̀, àti ọrùn.

O mọ̀ mí. Èmi tí ẹ ń pè ní Ìyá Oníṣirò, tí mo máa ń tú bọ́tìnnì lára aṣọ gbígbó kí n tún un lò, èmi náà ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá onífóòmù, tí mo ní kó fún mi ní èyí tó rọ̀ jù. Ó ní, "Aránṣọ, fọwọ́ tẹ ìrọ̀rí yìí wò." Mo tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi wọlé dé ọrùn ọwọ́. Ó ní orí tó bá kàn án, omi ni wọ́n á fi jí i. Iye tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oorun lójú tèmi. Mo ná an títí, síbẹ̀ tòun ti fóòmù ẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta fóòmù líle tó fara ti ògiri ni. Mo san án. Kọ́tìnnì tó nípọn fún fèrèsé yàrá náà nìkan ni kò ná mi lówó, nítorí èmi ni mo rán an.

Màmá dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ní ṣé ẹ sùn dáadáa? "A dúpẹ́." Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, "A dúpẹ́." Ojú wọn pọ́n bíi ti ẹni tó ń gé àlùbọ́sà, ọrùn wọn gan débi pé tí wọ́n bá fẹ́ wo èèyàn, odindi ara ni wọ́n ń yí. Mo pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, bóyá ó ń yún wọn. Mo gbé fáànù sún mọ́ wọn, mo tún gbé e kúrò. Mo lé ọkọ mi kúrò nídìí rédíò, ó ní ṣé òun náà ti di àlejò nílé ara òun ni. "A dúpẹ́" náà ni. Jọ̀ọ́, kí lèèyàn fẹ́ fi "A dúpẹ́" ṣe? Kò ṣeé wọ̀n, kò ṣeé gé.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá mo gòkè láti ṣọ́ọ̀bù, mo bá báàgì wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń lọ sílé. Mo ní dókítà ńkọ́? Wọ́n ní kí dókítà wá sùn níbẹ̀ kó wò ó. Ibẹ̀ ni mo ti pariwo, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n ra èyí tó rọ̀ lọ́rùn, èyí tó rọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù ni mo sì rà!"

Wọ́n yí odindi ara wò mí. "Ta ló ní kó o ra èyí tó rọ̀? Mo ní èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìwọ! Èyí tápá ẹ bá ká! Ṣé ọrùn tèmi ni mo dárúkọ ni? Fóòmù yẹn ń gbé mi mì. Tí mo bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, àfi bí ẹni ń jáde nínú kòtò."

Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ. Wọ́n ní, "Ìwọ tí kì í náwó, o wá náwó nítorí mi. Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́?"

Àbúrò mi, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ kan péré.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ọkọ mi fi takisí gbé wọn lọ bá bàbá onífóòmù. Ó ní òun ò gba ìrọ̀rí padà, orí èèyàn ti kàn án. Mo ní, "Orí wo? Orí tí kò sùn?" Ó bú sẹ́rìn-ín, kò sì gbà á. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n Màmá á fi ẹ̀yìn ara wọn kan fóòmù líle yẹn kí n tó tú kọ́bọ̀ sílẹ̀. Wọ́n dùbúlẹ̀, ọkọ mi ká aṣọ kan sábẹ́ orí wọn. Èmi àti bàbá ń fa ọ̀rọ̀ owó, mò ń ṣírò, ó ń búra, la bá gbọ́ tẹ́nì kan ń hanrun.

Bàbá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ ò tíì sanwó!" Ó fẹ́ fọwọ́ tọ́ wọn lẹ́sẹ̀, mo gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù. Iye tó pè ni mo san, mi ò ná an mọ́. Inú ń bí mi sí bàbá náà, sí Màmá, sí etí ara mi. Àwọn oníbàárà mi ń pè mí, aṣọ ìyàwó kan wà lórí ẹ̀rọ, síbẹ̀ mo jókòó ti fóòmù náà bí ẹni ń ṣọ́ ilé ìfowópamọ́, mò ń fọwọ́ sí ẹnu fún gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Ọ̀sán ti pọ́n gan-an kí wọ́n tó lajú. Wọ́n yí ọrùn wò mí, ọrùn nìkan, wọ́n ní, "Ọjọ́ wo gan-an ni dókítà yẹn ní ká wá?"

Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá wọn. Fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Màmá ní kí n kí ọ.

Tìrẹ ni mí nígbà gbogbo,

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyá Oníṣirò.