Iyẹ̀pẹ̀ Oko Mi ní Kíláàsì Àjọkẹ́

Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Èmi tí mo fọwọ́ ara mi dá oko kòkó, tí gbogbo Ìlarè mọ̀, èmi ni tíṣà Àjọkẹ́ ọmọ ọmọ mi bẹ̀ fún iyẹ̀pẹ̀. Mo gbé e lọ fúnra mi. Oko tí koríko ò láyà láti hù sí! Gbogbo ìgbà ni mo ń fín oògùn apakoríko síbẹ̀.

Àwọn ọmọ kíláàsì wá ẹ̀kòló nínú iyẹ̀pẹ̀ mi àti nínú ti ẹ̀yìn kíláàsì wọn. Tiwọn kún fún ẹ̀kòló. Tèmi ò ní ẹyọ kan.

"Bàbá àgbà, oògùn yín ló pa wọ́n," ni Àjọkẹ́ wí.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀kòló ló ń so kòkó ni?"

"Àwọn ló ń tú ilẹ̀ fún un, Bàbá."

Mi ò lè jókòó látìgbà náà. Àjọkẹ́ ni mo ní màá fi oko yẹn sílẹ̀ fún. Bí ilẹ̀ ọ̀hún bá ti kú, kí ni mo wá fẹ́ fi sílẹ̀ fún ọmọ náà?