Ìwé Ojú Bàbá Yín Tí Ẹ̀rọ Dá Padà Lẹ́ẹ̀mejì

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ẹ̀rọ tí ẹ jọ ń jókòó láti àárọ̀. Ṣé ara le? Àwa náà wà, ọpẹ́ ni. Iṣẹ́ tí o bá dáwọ́ lé kò ní dàrú mọ́ ọ lọ́wọ́, ojú rẹ kò ní ríbi, àmín. Àwọn àbúrò rẹ méjèèjì ní kí n kí ọ. Òrùlé ilé ìdáná ti ń jò, ajá aládùúgbò sì ti bímọ sábẹ́ tábìlì iṣẹ́ bàbá yín, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé e.

Ọ̀rọ̀ ojú bàbá yín ló mú mi kọ̀wé. Ó ti di pé wọ́n ń fọwọ́ tá pákó kí wọ́n tó kan ìṣó, lọ́sẹ̀ tó kọjá ìka ara wọn ni wọ́n fi òòlù lù. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n a ní láti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà, tí kò bá sì wọlé kí oṣù yìí tó tán, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bí a ṣe gba ṣọ́ọ̀bù obìnrin oníkọ̀ǹpútà lọ nìyẹn. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní ẹ̀rọ ilé ìwòsàn dá a padà, pé irú ìwé tí wọ́n ń pè ní Ẹ́kísì-Ẹ́mù-Ẹ́lì (XML) ni wọ́n ń gbà, ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tí a ṣí tí a ò tì. Mo sún mọ́ ẹ̀rọ náà, torí orúkọ iṣẹ́ rẹ gan-an nìyẹn, ìwọ náà lo sì sọ fún wa pé yíyẹ ìwé àwọn èèyàn wò ni iṣẹ́ rẹ. Mo ní kó jọ̀ọ́ bá mi sọ fún ọ níbẹ̀ pé àwa ni. Ó ní kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀rọ. Mi ò bá a jiyàn.

Mo rántí àlàyé rẹ nígbà tí o wálé gbẹ̀yìn, pé ohunkóhun tí ẹ bá ṣí nínú ìwé yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ fi àmì tó ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ẹni fẹ̀yìn ti ògiri tì í, pé inú òbí ni ọmọ máa ń wà, òbí ò sì gbọdọ̀ tì nígbà tí ọmọ ṣì ṣí sílẹ̀. Bàbá yín rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ogójì ọdún làwọn ti ń gbé ìlẹ̀kùn sẹ́nu ilé onílé, kò sẹ́ni tó sanwó fún àwọn rí láti wá wò ó bóyá ó tì. Àpárá ni wọ́n ń dá, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo rí bí ojú rẹ ṣe yí padà, nígbà tílẹ̀ sì mọ́, o ti lọ láìkí ẹnikẹ́ni. Oṣù méje rèé, ó sì ń dùn mí.

Nítorí náà mo délé, mo ti gbogbo ohun tó ṣí. Mo ti fèrèsé, mo dé ìkòkò, mo ti àpótí irinṣẹ́ bàbá yín, mo tún bá wọn de bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù wọn. Nígbà tí a padà débẹ̀, oníkọ̀ǹpútà ní òun ti rí ibi tí òun ti gbàgbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí mo ṣe.

Ẹ̀rọ tún dá a padà. O ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wò ó, pé lẹ́yìn títì, ó máa ń gbé ìwé òfin jáde láti wò ó bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ bá a mu. Ó ní iye ọmọ ò bára mu. Bàbá yín ti ní ọmọ mẹ́ta ni àwọn bí, orúkọ méjì ni wọ́n dá. Ó wá dá mi lójú pé ìwọ lo wà níbẹ̀, o rí i pé wọ́n fò ọ́.

Oníkọ̀ǹpútà ní kò le rárá, pé kí òun sọ mẹ́ta di méjì, kò kan ẹ̀rọ, kó ṣáà ti bára mu. Bàbá yín gbọ́wọ́ lé orúnkún. Wọ́n wá ní, “Mẹ́ta ni. Kọ àkọ́bí mi síbẹ̀.” Wọ́n pe orúkọ rẹ fún un, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tí fọ́ọ̀mù béèrè ẹni tí yóò dúró ti aláìsàn lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, mo ti lanu láti pe ara mi, wọ́n tún pè ọ́. Ẹ̀rọ gbà á lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà.

Bí ọwọ́ rẹ bá tó o, fi owó páànù méjì ránṣẹ́ fún ilé ìdáná. Bí kò bá sí, má da ara rẹ láàmú, korobá wà níbẹ̀. Bí ìwọ lo dá ìwé náà padà, o ṣeun. Bí kì í bá ṣe ìwọ, o ní èdè ni ẹ fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, bí ìkíni bá wà nínú èdè náà, bá mi kí i. Ọ̀nà rẹ yóò là, ẹsẹ̀ rẹ yóò gbé ọ wálé láyọ̀.

Ó ku ohun kan. Bàbá yín ò mọ̀ pé mò ń kọ èyí. Láti ọjọ́ tí a ti dé láti ṣọ́ọ̀bù náà, bí mo bá fẹ́ ti ìlẹ̀kùn iwájú nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní kí n fi sílẹ̀ ná, pé ọmọ kan ṣì wà níta.

Ìyá rẹ ni.