Ọrùn Bàbá Kékeré

Daddy mi àtàtà,

Ọsibítù ní Ìlọrin ni mo ti ń kọ èyí. Àbúrò yín, Bàbá Kékeré, la gbé wá.

Wọ́n ń gé ẹran lórí tábìlì yín lọ́jà Ọ̀fà, ni ọ̀bẹ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, ẹnu wọ́. Kò pẹ́ tó fi lọ, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín pé àárẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ṣe rẹ́rìn-ín nígbà tí ife tíì bọ́ lọ́wọ́ yín. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni, àbí ẹ kàn ń tan Mummy? Èyí tó kọlù yín tẹ̀ lé e kò lọ mọ́.

Mo pariwo títí wọ́n fi gbà ká wá. Dókítà ya ọrùn sínú ìwé fún wa. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ àgbọ̀n ó pín sí méjì, ọ̀kan lọ sójú, èkejì lọ sínú ọpọlọ. Oríta yẹn ni ọ̀rá ti dì sí ní apá òsì wọn. Bí díẹ̀ bá já nínú rẹ̀, á lọ dí ọ̀nà nínú ọpọlọ. Dókítà fẹ́ la ọrùn àti iṣan náà, kó họ ọ̀rá náà kúrò, kó rán wọn padà.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bàbá Kékeré ní, “Èmi tí mò ń dúńbú ẹran, kí n wá na ọrùn fún ọ̀bẹ?” Bí wọ́n ṣe dìde nìyẹn, a padà sílé.

Lálẹ́, mo mú egungun ọrùn àgbò nínú ọbẹ̀, mo ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní dókítà sọ pé iṣan méjì míì ń gba irú ihò yìí lọ sọ́pọlọ. Bí dókítà bá dí ọ̀kan níwájú fúngbà díẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́, àwọn yòókù á ṣì máa gbé ẹ̀jẹ̀ lọ.

“Ìwọ tó ń sá nílé ìwé, ìgbà wo lo di dókítà?”

Wọ́n jẹ ẹran náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ní ká máa lọ. “Sọ fún wọn kí wọ́n má kọ ojú mi sí Gábásì lórí bẹ́ẹ̀dì o. N kì í ṣe àgbò Iléyá.” Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti gbé Bàbá Kékeré wọ yàrá iṣẹ́ abẹ báyìí. Dókítà ò purọ́ fún wa, ó ní iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀ lè fa rọpárọsẹ̀. Èmi ni mo sì fi dandan lé e. Tó bá bàjẹ́ ńkọ́, Daddy?

Tí ẹ bá rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ má gbà wọ́n. Ẹ lé wọn padà.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń bínú pé ẹ lọ.